Orí Kẹjọ: Kẹ́míkà Ọpọlọ àti Ìbẹ̀rù Lára Ẹranko

Bí àṣá bá fò kọjá lókè, tí òjìji rẹ̀ sì balẹ̀ sí àgbàlá, ìyá adìẹ kì í dúró wo ẹyẹ náà fínnífínní kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ti ké, ó ti na ìyẹ́, àwọn òròmọ rẹ̀ ti sá wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá gba àgbàlá yẹn kan náà kọjá, bó tilẹ̀ tóbi ju àṣá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, adìẹ a máa jẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Kí ló fà á tí ọ̀kan fi jẹ́ ewu, tí èkejì kò sì jẹ́ nǹkan kan?

Ìdáhùn tí orí yìí fẹ́ kọ́ wa ni pé ọpọlọ ni ó ń pinnu ohun tó jẹ́ ewu, kẹ́míkà ni ó sì fi ń ṣe ìpinnu náà. Bí ìwọ̀n àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí bá yí padà, ohun tí ẹranko ń sá fún tẹ́lẹ̀ lè di ohun tí kò kà sí mọ́, ohun tí kò kà sí sì lè di ohun tí ń lé oorun lójú rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó wà ní ìwọ̀n tó yẹ ń dá ẹ̀mí sí. Bí ó bá kéré jù tàbí tí ó bá pọ̀ jù, ewu ni òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

Nígbà tí ẹ bá ka orí yìí tán, ẹ ó lè:
1. sọ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹranko;
2. ṣàlàyé ọ̀nà tí ìròyìn ewu ń gbà nínú ọpọlọ;
3. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àwọn kẹ́míkà tí ń yára ṣiṣẹ́ àti àwọn tí iṣẹ́ wọn ń pẹ́;
4. ṣàpèjúwe bí ẹranko ṣe ń kọ́ ìbẹ̀rù, àti bí ó ṣe lè rọ̀;
5. lo ìmọ̀ yìí láti ṣàlàyé ìwà ẹranko igbó àti ẹran ọ̀sìn.

8.1 Bí a ṣe ń mọ ìbẹ̀rù lára ẹranko

Ẹranko kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa. Nítorí náà, ohun tí a lè fojú rí tàbí tí a lè wọ̀n ni a fi ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà.

Àkọ́kọ́ ni ìṣe rẹ̀: ó lè dúró gbagidi láìmira, ó lè sá, ó lè lúgọ, ó lè ké, ó sì lè yíjú padà láti jà. Èkejì ni ìyípadà nínú ara: ọkàn ń lù kìkì, èémí ń yára, irun ń dìde, ọmọlójú ń fẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n họ́mọ̀nù, èyí tí a lè rí nínú ẹ̀jẹ̀, nínú itọ́, àní nínú ìgbẹ́ pàápàá. Ti ìgbẹ́ yìí wúlò púpọ̀ fún àwọn tí ń ṣèwádìí nínú igbó, nítorí wọn kò ní láti mú ẹranko náà, kí mímú tí wọ́n mú un má baà di ohun tí yóò tún dẹ́rù bà á.

Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Yunifásítì Harvard, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so ìbẹ̀rù mọ́ kẹ́míkà. Ní 1911, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára ológbò tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn tí ajá ti gbó mọ́ ológbò náà. Ẹ̀jẹ̀ ti ẹ̀ẹ̀kejì ní adirẹ́nálíìnì nínú. Ti àkọ́kọ́ kò fi í hàn. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1915, Cannon ṣàlàyé pé ńṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá.

Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé e fi ọ̀nà kẹta kún un, ìyẹn dídúró gbagidi. Ojú ẹranko apẹran máa ń tètè rí ohun tí ń mira, nítorí náà ohun tí kò bá mira lè má ṣẹ́ sí i lójú. Bí ewu ṣe jìnnà tó ni ó ń pinnu èyí tí ẹranko yóò ṣe. Bí eku bá rí ológbò lókèèrè, yóò dúró gbagidi. Bí ológbò bá ń bọ̀ tààrà, yóò sá. Bí èékánná bá ti bà á, tí kò sí ibi àsálà mọ́, yóò bù ú jẹ.

8.2 Ọ̀nà tí ìròyìn ewu ń gbà

Nínú ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lọ́tùn-ún àti lósì, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí a ń pè ní amígídálà. Gbogbo ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́mú ni ó ní i, ẹyẹ, aláǹgbá àti ẹja pàápàá sì ní ohun tó jọ ọ́.

Ní 1937, Heinrich Klüver àti Paul Bucy ní Yunifásítì Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀ nípa àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ti gé apá ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ wọn méjèèjì kúrò. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, àwọn ọ̀bọ yìí kì í sún mọ́ ejò, wọ́n sì ń sá fún ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mú ejò lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi ohunkóhun tí wọ́n bá rí sẹ́nu. Ojú wọn kò fọ́. Wọ́n ń rí ejò náà kedere, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí ewu fún wọn mọ́. Ní 1956, Lawrence Weiskrantz fi hàn pé bí a bá ba amígídálà nìkan jẹ́, ọ̀bọ yóò pàdánù ìbẹ̀rù bákan náà.

Láti nǹkan bí 1980 lọ sókè, Joseph LeDoux, onímọ̀ nípa ọpọlọ, tọpa ọ̀nà tí ìró ń gbà dé amígídálà. Wọn á jẹ́ kí eku gbọ́ ìró kan, iná mànàmáná díẹ̀ á sì ta á lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan péré, ìró nìkan ti tó láti mú kí eku náà dúró gbagidi. LeDoux rí i pé ọ̀nà méjì ni ìró náà ń gbà. Ọ̀nà kúkúrú ti etí lọ sí tálámọ́ọ̀sì, ibi tí ìròyìn ojú àti etí ń gbà kọjá ní àárín ọpọlọ, láti ibẹ̀ sì lọ tààrà sí amígídálà. Ọ̀nà gígùn kọ́kọ́ lọ sí èèpo ọpọlọ, níbi tí a ti ń yẹ ìròyìn wò fínnífínní, kí ó tó padà wá sí amígídálà. Ọ̀nà kúkúrú yára, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀nà gígùn falẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ òótọ́.

Èyí ni ó fà á tí ẹranko fi ń ta gìrì kí ó tó mọ ohun tí ó gbọ́. Eku tí ó bá sá fún ewé tí afẹ́fẹ́ mì pàdánù oúnjẹ díẹ̀. Eku tí kò bá sá fún ológbò pàdánù ẹ̀mí. Nítorí náà, láti ìran dé ìran, ọpọlọ tí ń tètè bẹ̀rù ni ó ń yè láti bímọ.

Láti amígídálà, àṣẹ ń lọ sí ibi mẹ́ta: sí àárín ọpọlọ, tí ó ń darí dídúró gbagidi àti sísá, sí haipotálámọ́ọ̀sì, tí ó ń darí họ́mọ̀nù àti lílù ọkàn, àti sí ìdí ọpọlọ, tí kẹ́míkà tí ń la ojú ọpọlọ ti ń wá.

8.3 Àwọn kẹ́míkà tí ń yára

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í fara kan ara wọn tán. Àlàfo tíńtín wà láàárín wọn, kẹ́míkà ni ó sì ń gbé iṣẹ́ la àlàfo náà kọjá. Nínú ìwé yìí a ó máa pè wọ́n ní kẹ́míkà ajíṣẹ́. Ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì kejì ti ń gba iṣẹ́ náà ni a ó máa pè ní ibùdó ìgbàṣẹ́.

Méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú amígídálà. Glútámeètì ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, GABA sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ara bá balẹ̀, GABA ni ó ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìbẹ̀rù jáde wà lábẹ́ ìkálọ́wọ́kò ní gbogbo ìgbà. Kí ìbẹ̀rù tó jáde, ìkálọ́wọ́kò yẹn ní láti tú. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: ìbàlẹ̀ ara kì í ṣe àìsí iṣẹ́ nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ ńlá ni, kẹ́míkà kan pàtó ni ó sì ń ṣe é.

Àwọn oògùn kan jẹ́rìí sí i. Leo Sternbach, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ṣàwárí ìdílé oògùn kan tí a ń pè ní benzodiazepine. Èyí àkọ́kọ́ jáde sí ọjà ní 1960, diazepam tí a mọ̀ sí Valium sì tẹ̀ lé e ní 1963. Ní 1977, àwọn olùwádìí rí ibi tí àwọn oògùn wọ̀nyí ń dúró sí nínú ọpọlọ. Ó wá hàn pé orí ibùdó ìgbàṣẹ́ GABA ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń fi kún agbára rẹ̀. Eku kì í fẹ́ rìn lórí pákó gbọọrọ tí ó wà lókè, tí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí gbangba ni ẹyẹ apẹran ti ń gbé e. Bí a bá fún un ní diazepam díẹ̀, yóò jáde sórí pákó náà. Pákó kò yí padà, gíga rẹ̀ kò dínkù. Kẹ́míkà nìkan ni ó yí.

Noradirẹ́nálíìnì ń ti ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní ìdí ọpọlọ wá, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ tàn ká ibi gbogbo nínú ọpọlọ. Òun ni ó ń mú kí etí ṣí, kí ojú là, kí ẹranko gbàgbé oúnjẹ kí ó sì kọjú sí ohun àjèjì.

Adirẹ́nálíìnì ní tirẹ̀ ń ti inú ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín wá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó ti mú kí ọkàn sáré, ó ti jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ti la ọ̀nà èémí, ó sì ti darí ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ìfun lọ sínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà gbé e wọ inú ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó ń ta àwọn fọ́nrán tó ti inú ara lọ sí ọpọlọ jí, ọpọlọ sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ara ti dìde.

Ọpọlọ tún ní kẹ́míkà tirẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ bíi mọfíìnì, tí ń pa ìrora. Nígbà tí ìbẹ̀rù bá le, wọ́n ń jáde. Ìdí nìyí tí ẹranko tí a ti ṣá lọ́gbẹ́ fi lè sáré jìnnà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ìgbà tí ewu bá kọjá ni yóò tó máa tiro.

8.4 Àwọn kẹ́míkà tí iṣẹ́ wọn ń pẹ́

Bí ewu kò bá tètè kọjá, ìdìde kejì tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Haipotálámọ́ọ̀sì tú kẹ́míkà kan tí a ń pè ní CRF jáde. Wylie Vale àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ láti inú ọpọlọ àgùntàn, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1981. CRF sọ fún ẹṣẹ́ pitúítárì, tó wà lábẹ́ ọpọlọ, pé kí ó tú họ́mọ̀nù ACTH sínú ẹ̀jẹ̀. ACTH dé orí kíndìnrín, ẹṣẹ́ ibẹ̀ sì tú kọ́tísọ̀ọ̀lù jáde. Ẹja, ajá, màlúù àti ènìyàn ń lo kọ́tísọ̀ọ̀lù; eku, ẹyẹ àti aláǹgbá ń lo ìbátan rẹ̀ tí a ń pè ní kọtikosíteróònù.

Bí ó ti jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá ni adirẹ́nálíìnì ń gbà, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí họ́mọ̀nù yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ fi máa ń yára gba ẹ̀jẹ̀ ní kété tí wọ́n bá mú ẹyẹ: ìwọ̀n tí wọ́n bá gbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta fi bí ó ti rí ṣáájú mímú hàn.

Iṣẹ́ kọ́tísọ̀ọ̀lù ni láti pèsè agbára, láti dá àwọn iṣẹ́ tí kò yá dúró, bíi dídàgbà àti bíbímọ, àti láti tẹ ìrántí ewu náà mọ́ ọpọlọ. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ kùnà: ó padà lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ láti sọ pé ó tó. Apá ọpọlọ tí a ń pè ní hipokámpọ́ọ̀sì ní ibùdó ìgbàṣẹ́ púpọ̀ fún un, láti ibẹ̀ sì ni àṣẹ ìdádúró ti ń wá. Ẹranko tí ibùdó ìgbàṣẹ́ yìí bá kéré nínú ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀ lẹ́yìn ìdágìrì.

Àtẹ 8.1: Àwọn kẹ́míkà ìbẹ̀rù

| Kẹ́míkà | Ibi tí ó ti ń wá | Iṣẹ́ rẹ̀ |
|---|---|---|
| Glútámeètì | Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ | Ń ta amígídálà jí |
| GABA | Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ | Ń ká amígídálà lọ́wọ́ kò |
| Noradirẹ́nálíìnì | Ìdí ọpọlọ | Ń la ojú àti etí |
| Adirẹ́nálíìnì | Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín | Ń múra ara sílẹ̀ kíákíá |
| CRF | Haipotálámọ́ọ̀sì | Ń bẹ̀rẹ̀ ìdìde kejì |
| Kọ́tísọ̀ọ̀lù, kọtikosíteróònù | Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín | Ń pèsè agbára, ó sì ń dá ìdìde náà dúró |

8.5 Ìbẹ̀rù àbímọ́ àti ìbẹ̀rù àkọ́sórí

Àwọn ìbẹ̀rù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ẹranko. Eku tí a bí sínú yàrá ìwádìí, tí ìran rẹ̀ kò rí ológbò rí, yóò yẹra fún ibi tí ìtọ̀ ológbò wà. Ní 1938, Karl von Frisch ròyìn pé bí awọ ẹja kékeré kan bá ya, kẹ́míkà kan ń jáde sínú omi láti ibi ọgbẹ́ náà, àwọn ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá sì gbóòórùn rẹ̀ á fọ́n ká. Nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, òórùn náà ti ní ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi ìbẹ̀rù nínú ọpọlọ láti ìgbà ìbí.

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rù ni ẹranko ń kọ́. Nígbà tí ìró àti ìrora bá dé amígídálà lẹ́ẹ̀kan náà, glútámeètì mú kí ìsopọ̀ tí ó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lágbára sí i, débi pé ìró nìkan yóò tó láti ta wọ́n jí lọ́jọ́ iwájú. Adirẹ́nálíìnì àti noradirẹ́nálíìnì ń fi kún un. Àwọn àyẹ̀wò lára eku láti nǹkan bí 1975 fi hàn pé bí a bá fún eku ní adirẹ́nálíìnì díẹ̀ ní kété tí ó kọ́ nǹkan tán, kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó dẹ́rù ba ẹranko ni ó ń pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí tún máa ń tàn kọjá ohun tí a kọ́. Àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹranko sì lè kọ́ ìbẹ̀rù láti ojú ẹlòmíràn. Susan Mineka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ọ̀bọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú yàrá ìwádìí, tí wọn kò bẹ̀rù ejò. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀bọ tí ó dàgbà nínú igbó bí ẹ̀rù ejò ṣe ń bà á. Láìpẹ́, àwọn tó ń wòran náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ejò. Nígbà tí a ṣe fídíò tí ó fi hàn pé òdòdó ni ẹ̀rù ń tìtorí rẹ̀ ba ọ̀bọ, àwọn tó wò ó kò kọ́ ìbẹ̀rù òdòdó. Ọpọlọ ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti kọ́ ìbẹ̀rù àwọn nǹkan kan ju àwọn mìíràn lọ.

Ǹjẹ́ ìbẹ̀rù tí a kọ́ lè parẹ́? Bí eku bá ń gbọ́ ìró náà léraléra láìsí iná, kò ní máa dúró gbagidi mọ́. Ṣùgbọ́n Ivan Pavlov ti ṣàkíyèsí lára ajá tipẹ́ pé ohun tí ó jọ pé ó ti parẹ́ máa ń padà wá lẹ́yìn àkókò díẹ̀. Ìrántí àtijọ́ kò kúrò. Ẹ̀kọ́ tuntun ni ẹranko kọ́, pé ìró náà kò léwu mọ́. Ẹ̀kọ́ tuntun yìí ń ti iwájú ọpọlọ ta àwọn sẹ́ẹ̀lì GABA jí, àwọn ni wọ́n sì ń ká amígídálà lọ́wọ́ kò. Bí a bá ba apá iwájú ọpọlọ náà jẹ́ lára eku, yóò rọlẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìbẹ̀rù rẹ̀ yóò ti padà.

8.6 Nígbà tí ìwọ̀n bá yí: àpẹẹrẹ mẹ́rin

*Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Novosibirsk.* Ní 1959, Dmitry Belyaev bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nítòsí Novosibirsk ní Rọ́ṣíà, Lyudmila Trut sì ń bá a ṣe é. Láti inú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí wọ́n ń sìn fún awọ, wọ́n ń ṣa àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ènìyàn, àwọn nìkan ni wọ́n sì jẹ́ kó bímọ. Wọn kò wo àwọ̀, wọn kò wo ìwọ̀n ara. Ní ìran kẹrin, àwọn ọmọ kan ti ń jùrù sí ènìyàn bí ajá. Lẹ́yìn ìran 12, ìwọ̀n họ́mọ̀nù tó jẹ́ ti ìdílé kọ́tísọ̀ọ̀lù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ sí díẹ̀ ju ìdajì ti àwọn tí a kò ṣà lọ. Ní ìran 28 sí 30, ó tún ti dínkù sí ìdajì. Sẹrotóníìnì, kẹ́míkà ajíṣẹ́ tí ń rọ ìkanra, sì pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wọn. Ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí a kò ṣà ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun àjèjì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti àwọn tí a ṣà ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lé yẹn ni àǹfààní tí wọ́n ní láti mọ ènìyàn kí ìbẹ̀rù tó ti ilẹ̀kùn.

*Ìgúánà Galápagos.* Nígbà tí Charles Darwin dé erékùṣù Galápagos ní 1835, ó ju ìgúánà òkun kan sínú omi léraléra, ó sì ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni ìran wọn ti lò níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹranko apẹran. Lẹ́yìn náà, ènìyàn kó ajá àti ológbò dé. Ìwádìí tí ó jáde ní 2007 fi hàn pé bí ènìyàn bá lé ìgúánà tí a kò yọ lẹ́nu rí, kọtikosíteróònù rẹ̀ kì í gòkè. Bí a bá ti mú un rí, tí a sì tún lé e, họ́mọ̀nù náà á gòkè. Ara rẹ̀ kò gbàgbé bí a ṣe ń bẹ̀rù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé irú ẹ̀dá yìí tó bẹ̀rù. Ìrírí ń kọ́ ọ, ó sì ń tètè sá díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tó láti bọ́ lọ́wọ́ ajá.

*Ìyá eku.* Ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, Michael Meaney àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìyá eku kan máa ń lá ọmọ rẹ̀ ju ìyá mìíràn lọ. Ọmọ tí a lá dáadáa dàgbà pẹ̀lú ibùdó ìgbàṣẹ́ kọtikosíteróònù púpọ̀ nínú hipokámpọ́ọ̀sì, ìdágìrì rẹ̀ sì ń tètè rọlẹ̀. Bí a bá gbé ọmọ ìyá tí kì í lá ọmọ fún ìyá tí ń lá ọmọ tọ́, ti ìyá tó tọ́ ọ ni yóò jọ. Èyí fi hàn pé ìtọ́jú ní ìgbà èwe wà lára ohun tí ń wọn kẹ́míkà ìbẹ̀rù fún ẹ̀dá títí di àgbà.

*Eku àti kòkòrò àfòmọ́.* Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Toxoplasma gondii. Inú ìfun ológbò àti ìbátan rẹ̀ nìkan ni akọ àti abo rẹ̀ ti lè pàdé. Ní 2000, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford ròyìn pé eku tí kòkòrò yìí wà lára rẹ̀ kì í yẹra fún òórùn ológbò mọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lọ síbi tí ó wà. Eku náà ṣì ń gbóòórùn, ó ṣì ń sáré, ìbẹ̀rù kan pàtó ni ó dínkù. Àwọn onímọ̀ kan tọ́ka sí dopamíìnì, kẹ́míkà ajíṣẹ́ mìíràn nínú ọpọlọ, bí ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà, àríyànjiyàn sì ṣì wà lórí rẹ̀.

8.7 Iye tí ìbẹ̀rù ń gbà nínú igbó

Ẹranko apẹran kì í fi eyín nìkan dín ẹran kù. Ní 2011, Liana Zanette àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn erékùṣù ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Wọ́n fi àwọ̀n àti wáyà oníná dáàbò bo ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ológoṣẹ́ kan, tí ẹranko apẹran kankan kò fi lè débẹ̀. Wọ́n wá gbé gbohùngbohùn sílẹ̀ tí ń gbé ohùn ẹranko apẹran jáde fún apá kan, àti ohùn ẹ̀dá tí kò léwu fún apá kejì. Àwọn tó ń gbọ́ ohùn ewu bí ọmọ tó là já tí ó fi 40% kéré sí ti àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó pa ẹyin wọn. Ìbẹ̀rù nìkan ni ó dín ẹyin tí wọ́n yé kù, tí ó sì dín oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá fún ọmọ kù.

Ní agbègbè Yukon ní Kánádà bákan náà, iye ehoro igbó máa ń pọ̀ gan-an, á sì wálẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Rudy Boonstra àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nígbà tí àwọn ẹranko apẹran bá pọ̀, kọ́tísọ̀ọ̀lù àwọn ehoro á ga, abo tí tirẹ̀ bá ga á sì bí ọmọ tí kò pọ̀, tí kò sì tóbi. Ìbẹ̀rù ìyá kọjá sára ọmọ tí kò tí ì rí ewu kankan.

8.8 Bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a mú ìmọ̀ yìí wá sí ọjà ẹran wa. Màlúù tí a fi ọkọ̀ kó láti ọ̀nà jíjìn, tí a so pọ̀ láìsí omi, tí a ń fi ọ̀pá lù wọ ilé ìpẹran, wà nínú ìdágìrì tí kò dáwọ́ dúró. Adirẹ́nálíìnì ń jó ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú iṣan rẹ̀. Bí ṣúgà yìí bá ti tán kí a tó pa á, ásíìdì tí ó yẹ kí ó gbé jáde nínú ẹran kò ní tó, ẹran náà á dúdú, á le, á gbẹ, á sì tètè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe ẹran ọ̀sìn jẹ́jẹ́ ń ṣàánú ẹranko, ó sì ń dáàbò bo oúnjẹ tí àwa náà yóò jẹ.

Bákan náà ni pẹ̀lú ọmọ ẹran. Ewúrẹ́, ajá àti adìẹ tí ọwọ́ ènìyàn bá ti bà jẹ́jẹ́ láti kékeré kì í bẹ̀rù olùtọ́jú rẹ̀, ó sì rọrùn láti fún un ní oògùn nígbà àìsàn. Kí a má máa pe ẹranko tó ń bẹ̀rù ní olóríkunkun. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ láti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Pé a rí họ́mọ̀nù tó ga lára eku kò fi hàn pé eku náà ń mọ ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lára nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. LeDoux fúnra rẹ̀ ti rọ àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n ya ètò ìdáàbòbò inú ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀lára ìbẹ̀rù tí ènìyàn lè fẹnu sọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí kẹ́míkà kan ṣoṣo tí a lè pè ní kẹ́míkà ìbẹ̀rù. Adirẹ́nálíìnì ń gòkè nígbà tí ẹṣin bá ń sáré ìje, kọ́tísọ̀ọ̀lù ń gòkè láàárọ̀ lára ènìyàn tí nǹkan kan kò ṣe. Ibi tí kẹ́míkà ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí ó ṣiṣẹ́, àti ohun tí ẹranko náà ti rí rí, ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

Àkópọ̀

- Ìṣe, ìyípadà nínú ara àti ìwọ̀n họ́mọ̀nù ni a fi ń mọ ìbẹ̀rù lára ẹranko.
- Ọ̀nà kúkúrú àti ọ̀nà gígùn ni ìròyìn ewu ń gbà dé amígídálà.
- GABA ń ká amígídálà lọ́wọ́ kò. Adirẹ́nálíìnì àti noradirẹ́nálíìnì ń dìde kíákíá. CRF àti kọ́tísọ̀ọ̀lù ń tẹ̀ lé wọn.
- Ìbẹ̀rù lè jẹ́ àbímọ́, a sì lè kọ́ ọ. Bí ó bá rọ̀, ẹ̀kọ́ tuntun ni ó bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.
- Ìran, ìtọ́jú ní èwe, ìrírí àti àìsàn lè yí ìwọ̀n kẹ́míkà ìbẹ̀rù padà.
- Ìbẹ̀rù tí kò tó ń pa ẹranko. Ìbẹ̀rù tí kò dáwọ́ dúró ń dín ọmọ rẹ̀ kù.

Ìdánrawò

1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹranko, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ láti ara adìẹ tàbí ewúrẹ́.
2. Kí ni àǹfààní ọ̀nà kúkúrú sí amígídálà? Kí ni àléébù rẹ̀?
3. Eku kan gba diazepam, ó sì jáde sórí pákó tí kò ní ògiri. Ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀.
4. Kí ló dé tí olùwádìí fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó mú un?
5. Fi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Novosibirsk wé ìgúánà Galápagos. Nínú èwo ni ìran ti yí ìbẹ̀rù padà, nínú èwo ni ìrírí sì ti ń yí i padà?
6. Iṣẹ́ ṣíṣe: Fún ọ̀sẹ̀ kan, máa wo àwọn adìẹ kan ládùúgbò rẹ láti ibi tí wọn kò ti ní rí ọ. Kọ gbogbo ohun tí ó mú wọn ta gìrì sílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, àti bí ó ti pẹ́ tó kí wọ́n tó padà sídìí oúnjẹ. Èwo nínú àwọn ìbẹ̀rù wọ̀nyí ni o rò pé ó jẹ́ àbímọ́, èwo ni wọ́n kọ́? Sọ ìdí rẹ.